Księstwo: ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ọmọ ọba

Àwọn tó ń kọ ìtàn Póláǹdì lédè wa sábà máa ń pe książę ní “ọmọ ọba”. Wọ́n ṣì í pè. Książę ni olórí tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tirẹ̀ láìdé adé ọba. -Stwo tí a so mọ́ ọn ló sọ ọ́ di księstwo, ìyẹn ilẹ̀ náà tàbí oyè rẹ̀. (Wọ́n tún máa ń fi pe olóyè náà àtìyàwó rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìyẹn ò kàn wá níbí.)

Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń lò ó: “Ní 1443, Zbigniew Oleśnicki, bíṣọ́ọ̀bù Kraków, ra księstwo Siewierz.” Owó ló fi rà á o, kò jogún rẹ̀. Látìgbà náà, ẹni tó bá ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù Kraków ti di książę Siewierz nìyẹn, títí di 1790. Ilẹ̀ kékeré ni, síbẹ̀ ó ní òfin, ilé ẹjọ́ àti ọmọ ogun tirẹ̀. Kí ló wá kan ọmọ ọba nínú ọ̀rọ̀ àlùfáà tó fowó ra ilẹ̀?

Królestwo ni wọ́n máa ń ṣi księstwo mú fún: ilẹ̀ król, ọba aládé. “Baálẹ̀” náà ò bá książę mu, torí baálẹ̀ ní ọba lórí. Àmọ́ láàárín 1138 sí 1295, Póláǹdì kò dé ọba kankan ládé. Àwọn książę ló pín in ṣàkóso. Torí náà, “dúùkù” ni kí ẹ kọ fún książę, “ilẹ̀ dúùkù” fún księstwo.