Ilé Là Ń Wò: Àwọn Ilé Àgùdà ní Èkó

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ìdílé. Ìlú tí àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni yóò wò kí ó tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ẹni tí í ṣe? Ní Erékùṣù Èkó, ìbéèrè yìí ti di ti ojoojúmọ́.

Ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà sí Áfíríkà: a lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fúnra wọn wá ọkọ̀ wọ̀. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ni a ń pè ní Àgùdà, a sì ń pe àdúgbò wọn ní Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ láàárín wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí ọnà sì wà lára ògiri wọn. Mọ́ṣáláṣí Ṣíta, tí a ṣí ní 1894, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ojú ọ̀nà òkun yìí kan náà ni Ifá gbà. Ní 1875, bàbá Martiniano Eliseu do Bonfim, ẹni tí Yorùbá ń pè ní Ọ̀jẹ̀ládé, mú un láti Bahia wá sí Èkó. Ọdún mọ́kànlá ni ó lò. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó kọ́ Ifá, ó sì padà ní 1886 láti di ọ̀kan nínú àwọn babaláwo tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Brazil. Nítorí náà, àdúgbò Àgùdà jẹ́ ara ìtàn Ifá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jẹ̀ládé gúnlẹ̀, ilé ìdílé Fernandez ti wà ní Ìta Tinúbú. Nǹkan bí 1855 ni a kọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá, a sì ń pè é ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o lulẹ̀.

Ìwé ìkéde kì í tún òrùlé ṣe, kì í sì í rẹ́ ògiri. Ilé ẹbí a máa ní ọ̀pọ̀ ajogún. Àtúnṣe rẹ̀ a máa wọ́n, ilẹ̀ tí ó dúró lé a sì máa pa owó ńlá. Bí ìjọba bá ní kí ẹbí má wó ilé, tí kò sì bá wọn gbé ẹrù rẹ̀, òjò ni yóò parí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n a máa ń tún ààfin kọ́ ní ààfin. Ilé Àgùdà tó wó kì í padà ní ilé Àgùdà.

Ẹ̀kọ́ wà nínú Ifá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ Ifá la ogun àti oko ẹrú já nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà á lẹ́nu ọ̀gá, ó sì ń kì í títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ilé pẹ̀lú ń fẹ́ ẹnu tí yóò máa pìtàn rẹ̀. Ní òpópónà Kákawá ni Ilé Omi wà, èyí tí João Esan da Rocha kọ́ lẹ́yìn tí ó ti oko ẹrú Brazil dé, tí ó sì gbẹ́ kànga sí. Kí òbí mú ọmọ débẹ̀, kí àlejò ọdún Ifá yà wò ó, kí ẹbí kọ orúkọ àwọn tó kọ́ ilé wọn sílẹ̀, kí ìjọba sì fi owó ti òfin rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ Bahia tí ń wá orísun rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé Èkó kí ó bá ilẹ̀ gbalasa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.