Láti Orí Ọ̀bẹ Dé Orí Oògùn: Ìtàn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn Lára Àwọn Obìnrin tí Kì í Ṣe Nǹkan Oṣù Mọ́



Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ogun tàbí ti ọba. Ìtàn oògùn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọgbọ́n ìṣègùn máa ń tọ ọ̀nà kan gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èrò tèmi ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn yìí, ohun tí a kọ́kọ́ kà sí àléébù oògùn kan ni ó padà di ìwúlò rẹ̀.

1. Ọ̀bẹ

Ilẹ̀ Scotland ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. George Thomas Beatson, oníṣègùn ìlú Glasgow, mọ̀ pé ní àwọn ilẹ̀ kan, àwọn tí ń sin màlúù a máa yọ ilé ẹyin abo màlúù tí ó bá ti bímọ, kí wàrà rẹ̀ má baà tètè gbẹ. Ó rò ó pé bí ilé ẹyin bá lè darí ọmú láti òkèèrè bẹ́ẹ̀, ó lè ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọyàn pẹ̀lú. Ní 1895, ó yọ ilé ẹyin obìnrin ẹni ọdún 33 kan, tí àrùn náà ti padà sí lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kókó àrùn náà rá. Beatson kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1896. Ṣùgbọ́n ìtura náà kò wà títí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, obìnrin náà kú. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ họ́mọ̀nù tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn nígbà náà. Ìrù ni Beatson dì mú. Kò tíì rí orí ẹran náà.

Ti àwọn àgbà obìnrin wá ńkọ́? Ilé ẹyin tiwọn ti sinmi, síbẹ̀ jẹjẹrẹ tí ẹ́sítírójìn ń bọ́ ṣì ń dàgbà lára wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé kókó kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín ń ṣe èròjà kan jáde. Nínú ọ̀rá, nínú iṣan, àti nínú ọmú pàápàá, ẹ́ńsáìmù tí a ń pè ní aromatase a sì sọ èròjà yìí di ẹ́sítírójìn. Ọ̀bẹ ni wọ́n tún kọ́kọ́ gbé sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Charles Huggins ní Chicago ń gé àwọn kókó orí kíndìnrín náà kúrò. Àwọn kan rí ìtura, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ńlá ni, ẹni tí a bá sì ṣe é fún gbọ́dọ̀ máa lo oògùn arọ́pò títí di ọjọ́ ikú.

2. Àléébù di ìwúlò

Oògùn wárápá ni aminoglutethimide. Ní 1966, a kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó ń dí iṣẹ́ àwọn kókó orí kíndìnrín lọ́wọ́. Àléébù yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ wá mú lò. Bí oògùn bá lè pa kókó náà lẹ́nu mọ́, kí ni a tún ń gé e fún? Ní 1981, Richard Santen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé oògùn yìí, pẹ̀lú hydrocortisone, kò rẹlẹ̀ sí iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n ó ń kun ènìyàn lóorun, ó ń mú kí ara sú, ó sì ń dí ohun púpọ̀ tí kò yẹ kí ó dí.

Angela Brodie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ọ̀nà tí ó ṣe tààrà. Láti àwọn ọdún 1970, òun àti ọkọ rẹ̀, Harry, ń wá oògùn tí yóò dí aromatase nìkan. Wọ́n rí ọ̀kan tí ó mú kókó jẹjẹrẹ ara eku súnkì. Ní London, Charles Coombes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn obìnrin. Èsì rẹ̀ jáde ní 1984. Formestane ni orúkọ tí ó padà jẹ́. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń fúnni. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, anastrozole, letrozole àti exemestane ti dé, oníhóró tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Nínú ìdánwò ńlá kan tí a pè ní ATAC, tí àwọn obìnrin 9,366 kópa nínú rẹ̀, èsì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé anastrozole ju tamoxifen lọ ní dídènà kí àrùn náà padà, ṣùgbọ́n pé egungun tètè ń ṣẹ́ lára àwọn tí ń lò ó.

3. Ohun tí ìtàn yìí ń bèèrè lọ́wọ́ wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí a bá wo ẹ̀yìn, ohun mẹ́ta ni a ó rí. Èkíní, oògùn wọ̀nyí kò tó fún obìnrin tí ó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, àfi bí a bá kọ́kọ́ pa ilé ẹyin rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin wa ni àrùn náà ń bá ní kékeré. Èkejì, kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn ni ẹ́sítírójìn ń bọ́. A gbọ́dọ̀ yẹ ẹran ara tí a gé wò kí a tó mọ̀; ibi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò yìí, àfọ̀júwá ni ìtọ́jú. Ẹ̀kẹta, ó kéré tán, ọdún márùn-ún ni a sábà máa ń lo oògùn náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí oríkèé ń ro nítorí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó sọ fún oníṣègùn rẹ̀.

Ìmọ̀ àwọn tí ń sin màlúù ni a fi bẹ̀rẹ̀, oògùn tí a lé lọ́jà ni ó sì ṣí ọ̀nà. Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ má ṣe tètè ju ohun tí ó kùnà nù, kí ẹ tó bi í léèrè ìdí tí ó fi kùnà.