Ojú Lọba Ara, Lórí Òkè Pàápàá

Ẹ̀yin òbí wa, àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ìtàn àwọn tó gun Everest, òkè tó ga jù láyé, fi hàn pé ọba yìí kì í tètè ké nígbà tí a bá ń pa á lára.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1924, Edward Norton, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gun òkè náà dé nǹkan bí 8,570 mítà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ nítorí pé orí àpáta ló wà, kì í ṣe orí yìnyín, ó sì fẹ́ rí ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Òru ọjọ́ náà ni ojú dà á láàmú. Wákàtí 60 ni kò fi ríran. Nígbà tí George Mallory àti Andrew Irvine dágbére fún un ní ọjọ́ 6, ọwọ́ nìkan ló lè bọ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì kò padà wá mọ́.

Bí a ti ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ tó ń dín agbára ìtànṣán oòrùn kù ń fẹ́lẹ́ sí i. Yìnyín sì ń da ìtànṣán náà padà sójú. Awọ iwájú ẹyinjú á jó, ṣùgbọ́n ó di wákàtí mélòó kan kí ó tó máa ta ènìyàn. Ní ọdún 1978, Reinhold Messner bọ́ awò tirẹ̀ níbẹ̀ láti ya fíìmù. Oró ojú mú òun náà lóru.

Àìtó afẹ́fẹ́ tún ń ba ojú jà. Dókítà Beck Weathers, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí a fi gé awọ iwájú ẹyinjú rẹ̀ kí ó lè ríran dáadáa. Lórí Everest, ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, àìtó ọ́síjìn yí ojú náà padà, kò sì ríran mọ́. Ó dúró de ẹni tí yóò mú un sọ̀kalẹ̀ títí ìjì fi dé. Ó yè é, ṣùgbọ́n òtútù gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn ìka òsì àti imú.

Bí ilé-ìwé bá ń kó àwọn ọmọ wa lọ sórí òkè yìnyín, ẹ fi awò tó ń dí ìtànṣán oòrùn sínú ẹrù wọn. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ọmọ bá sì ń sunkún ojú lóru lẹ́yìn eré ọ̀sán, ẹ má ṣe rò pé àṣejù ni. Ọ̀sán ni ohun tó ṣe é ti ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.