Ọba Akran, Àjárá, àti orúkọ tí a fi ń bú èèyàn

Bí ẹ bá ti wọ dánfó ní Ìkẹjà rí, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́: "Ọba Akran! Ọba Akran, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Mo ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá láìmọye ìgbà kí n tó bi ara mi pé ọba ibo tiẹ̀ ni Akran. Mo ti rò pé ọba Ìkẹjà kan láyé àtijọ́ ni. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Akran ni orúkọ oyè ọba Àgbádárìgì, ẹni tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà náà ni Claudius Dosu Akran, ọmọ Ògù, tó jẹ́ ọba nílé, tó tún jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kí àwọn ológun tó gba ìjọba.

Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Ègùn ni àwa Yorùbá ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ní ilé ìwé girama tí mo lọ, èébú ni "Ègùn" jẹ́. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọsẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé Ègùn ni ẹ́ ni?" Ẹni tó bá gbé ẹja wá jẹ ní àsìkò ìsinmi, Ègùn ni. Ẹni tí wọ́n bá ń bẹ̀rù, wọ́n á ní Ègùn ni, ó lóògùn. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó wá láti Àjárá, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kan Àgbádárìgì. Orúkọ Ògù ló wà fún un nínú rẹ́jísítà. Bí tíṣà bá ti pe orúkọ yẹn, a ó dáhùn pẹ̀lú orin tí a fi orúkọ náà kọ. Nígbà tí a fi máa dé JSS2, ó ti lọ bá tíṣà pé kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ Yorùbá tí òun ní. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí. Èmi mọ ìdí, nítorí mo wà lára àwọn tó ń gbe orin.

Ìtàn Àgbádárìgì tí wọ́n kọ́ wa kò ju nǹkan mẹ́ta lọ: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, igi Agia tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní 1842, àti òwò ẹrú. Ìlú wà nínú ìtàn náà, àwọn tó ni ìlú kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1724, Agaja, ọba Dàhòmì, kó ìlú Allada. Ní 1727 ó kó Whydah. Ọ̀pọ̀ èèyàn agbègbè yẹn sá lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n ń tọ etí ọ̀sà bọ̀, àwọn kan lára wọn sì tẹ̀dó sí Àgbádárìgì àti àyíká rẹ̀. Ogunléndé ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ẹ̀gbá tó sá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830 ṣe jẹ́ ogunléndé. Síbẹ̀ a kì í fi sísá yẹn bú Ẹ̀gbá. Oríkì la fi ṣe. Tí Ògù ni a sọ di "àwọn ará Kútọnú".

Orúkọ ìlú náà gan-an fi bí a ṣe dàpọ̀ hàn. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé oko ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Agbethe ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí àwọn Ògù ń pè ní Agbadagreme, nítorí "greme" ni oko lédè wọn. Ẹnu Yorùbá sọ ọ́ di Àgbádárìgì, ẹnu òyìnbó sọ ọ́ di Badagry.

Èkó pàápàá jẹ ìlú yìí ní gbèsè. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Adélé kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní nǹkan bí 1821, Àgbádárìgì ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi padà sórí ìtẹ́ ní 1835. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè ní 1845, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì tún dé Àgbádárìgì. N kò sọ pé tayọ̀tayọ̀ ni gbogbo ará ìlú fi gbà á o. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1851 láàárín àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ògù ni ọba Èkó méjì forí pamọ́ sí.

Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì tún ní gbèsè tiwa. Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde ní 1843, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845 pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ó lé ní ọdún kan tó fi dúró. Omi ilẹ̀ Ògù ni baba ìwé wa mu ní gbogbo àkókò yẹn, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá èyí sọ ní kíláàsì rí.

Ṣé ẹni mímọ́ wá ni àwọn ará Àgbádárìgì? Rárá o. Ọjà Vlekete wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ èèyàn, ọ̀nà tó lọ sí Gberefu náà ṣì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ni ilé àhámọ́ ẹrú tí àwọn àlejò ń lọ wò jù lọ: Ṣẹ̀ríkí Williams Abass, ọmọ Yorùbá láti Jógá-Orílé, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi òwò ẹrú bú Ògù, kí ó kọ́kọ́ ka ìtàn bàbá yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú fún wọn ni 1889, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn. Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan náà, ẹbí kan náà. Ní Àjàṣẹ́ lónìí, tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi èdè Ògù rẹ́rìn-ín nínú ọjà. Ẹ gun ọkọ̀ fún wákàtí díẹ̀ sí ìhà ìhín, èdè kan náà ti di àwàdà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò gbà mọ́ pé ohun kan wà lára Ògù tó mú wọn "kéré". Ààlà ló sọ wọ́n di díẹ̀ láàárín wa, àwa la wá sọ díẹ̀ di yẹpẹrẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn Fọ̀n, tí èdè wọn àti ti Ògù jẹ́ ọmọ ìyá, ń dá Fá. Àwọn ojú odù wọn ni Gbe, Yẹku, Woli, Di. Ẹ fi ẹnu ara yín kà á: Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì, Òdí. Ẹ fi Lẹgba kún un, ẹ fi Gu kún un. Ẹni tí a jọ ń bi Ifá léèrè ohun tí ọ̀la máa bí ni à ń fi ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì ṣe ti ẹ̀rín kíláàsì nìkan. Ní oṣù kọkànlá 2016, wọ́n wó Òtòdo Gbàmẹ̀, abúlé àwọn apẹja Ògù ní apá Lẹ́kí. Wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin 2017. Ó lé ní 30,000 èèyàn tó di aláìnílé. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó sọ pé lílé tí wọ́n lé wọn bẹ́ẹ̀ tàbùkù ọmọ ènìyàn. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan tí rédíò ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kan ní, "Kí wọ́n padà sí Kútọnú wọn." Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́, èmi náà dákẹ́.

Ní oṣù kejì 2018, Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ìwé ìpínlẹ̀ náà máa kọ́ Yorùbá. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ojoojúmọ́ ni a ń sunkún ní ẹ̀ka wa pé òyìnbó ń pa èdè wa, pé wọ́n ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Èkó ni Àjárá wà. Kí ni ọmọ Àjárá máa fi èdè tirẹ̀ ṣe? Mo bi olùkọ́ wa kan ní ìbéèrè yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ kọ́kọ́ gba ti wa là ná."

Ní ìsinmi tó kọjá, mo pàdé ọmọ kíláàsì wa yẹn. Ó ní kí n wá kí ìyá àgbà òun ní Àjárá. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni màmá sọ pé, "Mì kúabọ̀." Mo dá wọn lóhùn ní Yorùbá, inú mi sì dùn pé wọ́n yí èdè padà nítorí tèmi. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ògù ni wọ́n sọ. "Kú àbọ̀" tiwa ti wọ inú èdè wọn tipẹ́, "mì" tó wà níwájú rẹ̀ sì dà bí "ẹ" tiwa. Màmá tó tó bí ìyá mi lọ́mọ bọ̀wọ̀ fún mi nítorí pé àlejò ni mí.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo sọ fún un pé mo rántí orin yẹn. Ó ní òun náà rántí. A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo lè pe orúkọ òun dáadáa báyìí, èyí tó wà nínú rẹ́jísítà. Mo gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe lẹ́nu mi kí ó tó ní ó ti ń bọ̀ sọ́nà.