Ìṣẹ́jú Márùndínláàádọ́ta Tó Ba Knight Capital Jẹ́

Ọjọ́rú ni, 1 Oṣù Kẹjọ, 2012. Aago Ìbàdàn ni mo fi to ìtàn náà, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òkè Padre ni mo fẹ́ kó yé. A fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú New York, níbi tí ọjà ìpín-ìdókòwò wà, lákòókò náà.

Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú kan. Ní Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn ra ìpín-ìdókòwò tó sì ń bá wọn tà á, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Kí ọjà tó ṣí, ó ti di 97. Orúkọ "Power Peg" wà nínú wọn gbangba. Wọn kì í ka irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ sí ìkìlọ̀, kò sì sẹ́ni tó tọ ìdí rẹ̀.

Aago méjì ààbọ̀. Ọjà ṣí. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló ń pín iṣẹ́ rírà àti títà náà ṣe ní Knight. Láti 27 Oṣù Keje ni wọ́n ti ń gbé kóòdù tuntun sórí wọn. Méje gbà á, òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é kò gbé e sórí ìkẹjọ. Power Peg ló wà níbẹ̀, kóòdù àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́ láti 2003, àmọ́ tí wọn kò yọ kúrò. Àmì tó máa ń jí i tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fún kóòdù tuntun. Bí àmì ṣe dé, òkú jí. Ní 2005, wọ́n ti ṣí ẹ̀yà tó ń sọ fún un pé iye tí oníbàárà fẹ́ ti pé kúrò nípò rẹ̀. Nítorí náà, ó ń rà, ó ń tà, kò mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró.

Ibi tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ bá mi dúró sí. Owó ń jó lójú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ; ta ni kò ní fẹ́ ṣe nǹkan kíá? Kóòdù tuntun ni wọ́n fura sí, torí òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ wò ná! Wọ́n yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà méje tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni Power Peg bá jí lórí àwọn náà. Ọ̀kan di mẹ́jọ. Ẹ̀sùn mi sí wọn ni pé wọn kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun kan náà ló wà lórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ká ní wọ́n fi fáìlì orí wọn wéra ni, àṣírí ìkẹjọ ì bá ti tú.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n dá a dúró. Àṣẹ 212 péré láti ọwọ́ oníbàárà ti bí òwò mílíọ̀nù 4, lórí ìpín-ìdókòwò ilé-iṣẹ́ 154. Àdánù rẹ̀ ju dọ́là mílíọ̀nù 460 lọ.

Ní 2013, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà náà ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 12 lé wọn. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé kò sí ìlànà àkọsílẹ̀ tó ní kí ẹnì kejì yẹ iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wò, kò sì sí èyí tó sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan bá dàrú. Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù ní Òkè Padre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín fún oníbàárà kankan.