Liberty: Pápá Tí Àwọn Bàbá Wa Fi Sílẹ̀ fún Wa

Ẹ bi àgbàlagbà kan n'Íbàdàn ní ọ̀nà Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó lè kọ́kọ́ ronú díẹ̀. Ẹ ní Liberty, kíá ni yóò nawọ́ sí Ring Road. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ló jẹ́ pé orí èjìká bàbá wa la ti kọ́kọ́ rí i. Bí a ṣe pé ọdún mẹ́wàá lónìí, ó yẹ ká sọ ìtàn rẹ̀.

Ìjọba ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, láyé tí owó kòkó ń ṣe bẹbẹ nílẹ̀ Yorùbá. Olóyè Awólọ́wọ̀ ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi ṣí i ní 1960, ọdún òmìnira, Olóyè Akíntọ́lá ti gba ipò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn parí.

Ní 10 August 1963, gbogbo ayé yíjú sí Ìbàdàn. Dick Tiger, ọmọ Ìbò, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà kan ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, ìjà àkọ́kọ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé nílẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ipele keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Ibẹ̀ ni pápá Shooting Stars nígbà tí wọ́n gba Winners Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Ní 1980, ibẹ̀ ni Algeria ti fi pẹnáritì lé Íjíbítì lọ sílé, kí àwọn ọmọ wa tó nà wọ́n ní 3-0 l'Ékòó.

Shooting Stars ti kó lọ sí Adámásìngbà. Ní 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ Liberty. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Àmọ́ orúkọ kì í ro koríko, kì í sì í kun ògiri. Àwa tí à ń gba ibẹ̀ kọjá mọ bí ariwo ibẹ̀ ṣe dínkù tó.

Àwa náà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ti sọ ọ́ lórúkọ, a sì ti dá aṣọ. Owó oṣù tí a bá ń san àti ìpàdé tí a bá ń lọ ni yóò gbé e dé ogún ọdún. A sì ń bẹ ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ lẹ́nu láwùjọ: ẹ bá wa sọ̀rọ̀ Liberty níbi tí ọ̀rọ̀ yín bá ti tà. Kí àwọn ọmọ-ọmọ wa náà lè rí i láti orí èjìká bàbá wọn.