Ààrò Mẹ́ta: Ìlànà Ìṣètò Iṣẹ́ Àkànṣe nínú Ìtàn Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, 1952–1955



Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n ní kí n gbé apá ọ̀tún mi gba àtàrí kọjá, kí n fi ìka kan etí òsì. Ìka mi kan etí, wọ́n sì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bí a ṣe ń mọ ọmọ tí ó tó ilé-ìwé lọ nìyẹn, nítorí pé ìwé ọjọ́-ìbí kò wọ́pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó mú mi lọ. Òun ti kọjá ọjọ́-orí àwọn tí à ń wá, ilé wa kò sì bèèrè ohunkóhun nítorí rẹ̀. Ó dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi fún mi ní ibi ìjókòó. Lẹ́yìn náà ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Òpìtàn ni mí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé bí a bá fẹ́ mọ ìlànà tí a fi ń ṣètò iṣẹ́ ńlá, ẹ̀kọ́ pọ̀ fún wa nínú ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

1. Kí ni à ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe?

Iṣẹ́ àkànṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ oòjọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń roko lọ́dọọdún ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Ẹni tí ó ń kọ́lé ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe. Iṣẹ́ àkànṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì ní ohun kan pàtó tí a ó fà lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí ní kí a sọ ète iṣẹ́ yékéyéké. Kí a pa ààlà sí i. Kí a pín in sí ìpele. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò jíhìn. Kí a sì máa fi ohun tí a rí wé ohun tí a retí, kí a lè tún ètò ṣe kí ó tó bàjẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ni ó di ara wọn mú: àkókò, owó àti ìwọ̀n iṣẹ́. Àwọn baba wa ti sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ọbẹ̀ inú ìkòkò ni dídára iṣẹ́. Bí a bá sún ààrò kan láìtún àwọn yòókù tò, ọbẹ̀ ni yóò dànù.

2. Ìwé ètò ọdún 1952

Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, gbé ìwé ètò rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Ilé Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ète rẹ̀ ṣe kedere: kí ọmọ tí ó bá tó ilé-ìwé lọ lè wọlé láìsan owó láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ó pín iṣẹ́ sí ìpele. A ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, a ó kọ́ yàrá ìkàwé, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ. A gé ọdún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti 8 sí 6. Àwọn tí ó kọ ìwé náà mọ̀ pé olùkọ́ ní láti ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo oṣù dáadáa. Oṣù keje ni ìwé ètò jáde. Oṣù kejìlá ọdún kan náà ni ìkànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. A ti pinnu ìwọ̀n iṣẹ́ kí a tó ka àwọn tí a fẹ́ ṣe é fún. Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó fà á. Ìkànìyàn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti ọdún 1931 ni, nítorí pé ogun kò jẹ́ kí a ṣe ti ọdún 1941. Síbẹ̀, aṣọ tí a gé kí a tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ kò ní ṣàìfún un lápá.

3. Ààrò tí a kò sún

Ìjọba bu owó lé owó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú sì bí àwọn ará ìlú. Nínú ìdìbò sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC gba àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Action Group, tí ó ń ṣèjọba ní Ìbàdàn, gba 18. Ó rọrùn fún ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti sún ọjọ́ síwájú. Kò sún un. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432.

Àkókò kò yẹ̀, ìlérí kò yẹ̀, owó kò sì lè kọjá ohun tí agbára ìlú gbé. Ọbẹ̀ ni ó dànù. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a fi síwájú kíláàsì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Bánjọ, tí a yàn ní ọdún 1960, yẹ ọ̀ràn náà wò, àìtó olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó fa ẹ̀kọ́ sẹ́yìn.

Ẹkùn Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1957. Owó kò tó, wọ́n sì dá owó ilé-ìwé padà fún àwọn kíláàsì kan ní ọdún 1958. Àwọn obìnrin jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Níbẹ̀, ìlérí ni wọ́n sún. Kò sí èyí tí kò ní ẹni tí ó jìyà rẹ̀.

4. Ìgúnlẹ̀

Ṣé ètò Awókọ̀yà kùnà ni? Rárá o. Bí ó bá kùnà, èmi kọ́ ni ẹ bá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí a sọ ọ́ ṣáájú, ní gbangba, ààrò tí a lè sún bí ọ̀ràn bá le, àti ẹni tí yóò fara gbá a. Ìṣètò kò lè mú ìpinnu líle kúrò. Ó kàn lè mú kí a ṣe é ní ojú ọ̀sán.

Ààlà náà ńkọ́? Láìsí ààlà, iṣẹ́ náà kì bá tí parí láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn ààlà kì í ṣe ẹni tí kò sí. Owó oko ẹ̀gbọ́n mi ni ó ra ìwé àti síléètì mi. Ẹni tí ó bá ń ṣètò iṣẹ́ fún ìlú, kí ó ka àwọn tí ó wọlé; kí ó sì ya ojú-ewé kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó dúró lójú fèrèsé, kí ètò tí ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn.